Dípò Ìrora ní Ìgólò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀nà Sàngó Ọ̀tà lọ sí Ìdí-Ìrókò rí, ẹ ò ní bi mí pé kí ló ṣe ẹ̀yìn mi. Kòtò ibẹ̀ ò lóǹkà, àwọn tó ń dá mọ́tò dúró náà ò lóǹkà, ìgbà tí mo fi máa bọ́ọ́lẹ̀ ṣe ni mo fọwọ́ ti ìbàdí bí aláboyún oṣù mẹ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ ó ti ń dùn mí láti ọjọ́ mẹ́ta tẹ́lẹ̀ o.

Ìgólò ni mò ń lọ, òdìkejì bọ́dà níbẹ̀ yẹn. Kété tẹ́ ẹ bá ti kọjá géètì báyìí, gbogbo bọ́ọ̀dù á yí padà sí Faransé, CUSTOMS á di DOUANE, bẹ́ẹ̀ Yorùbá àti Ègùn kan náà ni wọ́n fi ń nájà lápá méjèèjì, mi ò sì rí bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí wọ́n fi kọ.

Mo wá ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Mo kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n gbé àgbélébùú aláwọ̀ ewé kọ́ síta, iná ń ṣẹ́jú wìrìwìrì lára ẹ̀, mo ní hẹn, ṣọ́ọ̀ṣì ibí yìí mà lówó o. Mo rìn díẹ̀ sí i ni mo bá rí lẹ́tà gàdàgbà: DÉPÔT DE PAIN. Inú mi dùn. Dépôt, dípò nìyẹn. Pain, ṣebí ó wà lára gbogbo páálí oògùn. Dípò ìrora! Àwa ń kó ti ibà mọ́ ti inú rírun lójú kan, àwọn dá ti ìrora yà sọ́tọ̀.

Mo kí ìyá tó wà níbẹ̀, mo nàka sí bọ́ọ̀dù, mo ní Màmá, ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń wá.

Ó ní, "Gígùn ni àbí kúkúrú, ọkọ mi?"

Mo ní, "Ó gùn o, àtọrùn ni títí dé ìdí."

Ó fojú wọn ẹ̀yìn mi. "Èyí tó gùn tó yẹn ò sí o. Ti òní lo fẹ́ ni àbí ti àná?"

"Ọjọ́ mẹ́ta rèé, Màmá."

"Ọjọ́ mẹ́ta kẹ̀! Èmi kì í ta ti ọjọ́ mẹ́ta, ṣé o fẹ́ kán eyín ni?"

"Rárá o, kì í ṣe eyín, ẹ̀yìn ni."

Ó dákẹ́, ó rọra ṣí aṣọ lórí apẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n tò bí igi ìdáná. Èmi náà dákẹ́.

Ìgbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè já, ó tún fi Ègùn pe ará ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó wá nàka sẹ́yìn, ó ní ibi àgbélébùú tó ń tànná yẹn ni wọ́n ti ń ta oògùn. Mo ní, "Ṣé ìyẹn kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ọmọ tó ń bá a tajà ló dá mi lóhùn, torí Màmá ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ìtìjú mú mi ra búrẹ́dì méjì, mo há wọn sábíyá, mo tiro wọ ṣọ́ọ̀ṣì náà lọ.