Ọ̀kadà tí ò ní bíréèkì: ẹ rọra rà á o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ speedway, eré ìje ọ̀kadà lórí pápá oníyẹ̀pẹ̀, nílùú ọba níbí, ẹ má tíì sáré lọ ra tuntun o. Ọ̀kadà 500cc ni, jíà kan ṣoṣo, kò sí bíréèkì, methanol, irú ọtí kan tí wọ́n ń lò bí epo, ló ń mu. Ọ̀kadà Jawa àlòkù lèmi gbà, mo ní kẹ́ni tó ń tà á ṣíná sí i létí mi, mo tún bi í pé ìgbà wo ni wọ́n tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ lowó wà jàre.

Aṣọ kevlar, aṣọ líle tá a fi ń sáré, àlòkù ẹ̀ ò burú, àmọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì kẹ̀, láéláé, ṣé ẹ mọ̀ bóyá ó ti fi ṣubú rí ni? Bàtà irin ńkọ́, ẹsẹ̀ òsì nìkan ni, torí òsì nìkan la máa ń yà, ẹsẹ̀ yẹn la fi ń wọ́lẹ̀ ní kọ́nà, ẹ gbé bàtà yín dání lọ bá wẹ́dà kó ṣe irin náà kó bá a mu.