Irin wo? Ọ̀rọ̀ dífíṣọ̀n 352

Lánàá ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lápá Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí, bọ̀ọ̀dá kan ṣáà ń pariwo pé ṣọ́jà Jámánì ò mọ ẹ̀rù, irin ni gbogbo wọn. Mo ní bọ̀ọ̀dá, irin wo? NEPA ti mú iná lọ, klípà ò ṣiṣẹ́, mo bá kúkú sọ ti dífíṣọ̀n 352, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Jámánì ńlá kan, fún wọn.

November 1943, tí ogun Hítílà ṣì gbóná, ni wọ́n dá a sílẹ̀ lágbègbè Saint-Lô ní Normandy, nílẹ̀ Faransé. Wọn ò ṣa akọni jọ o, àwọn tó ṣẹ́kù nínú dífíṣọ̀n tí Rọ́ṣíà ti fọ́ yángá ni wọ́n kó, wọ́n wá bu ọmọ ọdún 18 lé e. Dietrich Kraiss lọ̀gá wọn. Dípò kí àwọn ọmọ yìí gbájú mọ́ ìbọn, igi ni wọ́n ń gé! Wọ́n á gé e nígbó Cerisy, wọ́n á kó o dé etí òkun, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi má baà lè gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń gbé gẹdú ní sọmíìlì lọ́nà Oǹdó mọ̀ pé tílẹ̀ bá ṣú, orun nìkan ló kù.

Òru mọ́jú June 6, 1944, wọ́n ní ọ̀tá ń fi párásúùtì já bọ́ látòkè, Kraiss sáré rán àwọn tó fi pamọ́ lẹ́yìn, títí kan àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, lọ sápá Carentan, ilẹ̀ mọ́ tán ni ìròyìn dé pé Amẹ́ríkà ti wà ní Omaha, etíkun kan ní Normandy níbẹ̀, ó tún ní kí wọ́n padà. Ẹ wo wàhálà! Síbẹ̀ àwọn tó wà lórí òkè níbẹ̀ ṣe Amẹ́ríkà báṣubàṣu, bíi 2,400 ló kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó sọnù, torí dífíṣọ̀n 716 ti Jámánì, tí ò lágbára, ni ọ̀pọ̀ ṣọ́jà Amẹ́ríkà rò pé àwọn máa bá.

Bọ̀ọ̀dá fò sókè: "Ẹ ò rí i, irin!"

Mo ní ẹ rọra. Saint-Lô bọ́ lọ́wọ́ wọn July 18, Kraiss fara gbọta, ó kú August 6, dífíṣọ̀n ti tán. Nígbà tó di September wọ́n kó ẹlòmíì jọ, wọ́n gbé 352 yẹn náà fún wọn, bí ẹni yọ nọ́ńbà mọ́tò tó jóná fi sára òmíì, ó di ojú ogun Ardennes, lápá Belgium àti Luxembourg, ní December.

Bọ̀ọ̀dá dákẹ́, ó wá ní, "Àwọn ọmọ tó gé igi ńkọ́?"

Mo ní àwọn tí Amẹ́ríkà rí mú láàyè nìkan ló ṣoríire. Iná dé, klípà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.