Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé ṣì ń yún ẹ̀gbọ́n mi: ohun tí mo ti kọ́ níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, tí ẹ bá ní ẹni tí wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ rẹ̀ nílé, tó wá ń sọ pé ibi tí wọ́n gé yẹn ń dun òun, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún un pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Èmi sọ ọ́. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mo fi ń sọ ọ́, ojú ṣì ń tì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Fòfó la máa ń pè wọ́n, zémidjan (ọ̀kadà akérò) ni wọ́n ń wà láti Kétu sí Pobè, níbí ní Benin. Kámíọ̀ kan gbá wọn lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, nígbà tí a fi máa gbé wọn dé ọsibítù ẹsẹ̀ òsì ò ṣeé tún ṣe mọ́, wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ nípa ìyẹn, ẹ̀mí ò bọ́, ọpẹ́ ni. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa, kí wọ́n tó ní ká máa lọ sílé, pé irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ kejì tí a délé ló bẹ̀rẹ̀. "Àbúrò, bá mi họ ìka kékeré yẹn." Mo ní èwo? Wọ́n ń nawọ́ sí orí bẹ́ẹ̀dì, ibi tí kò sí nǹkankan. Òru ló máa ń le jù, wọ́n á ní àwọn ìka ẹsẹ̀ náà ti ká kò bí ẹni pé ẹnì kan ń fi ẹ̀mú fún un pọ̀, òógùn á bò wọ́n. Èmi á ní Fòfó, ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ yẹn jàre, kò sí mọ́. Wọ́n á kọjú sí ògiri.

Nígbà tó yá, àgbà kan nínú ẹbí ní bí wọ́n ṣe sin ẹsẹ̀ náà ni ò dáa, pé ká lọ hú u jáde ká na àwọn ìka rẹ̀. Ìyá wa ti wá ọkọ́ sílẹ̀ o! Mi ò lè bú wọn, ìyá tó ń gbọ́ ìkérora ọmọ ẹ̀ lálaalẹ́, kí ni ò ní ṣe.

Ìdájí ọjọ́ kan ni ojú mi là. Fòfó fẹ́ dìde kírun àsùbáà, oorun ò tíì dá lójú wọn tán, wọ́n sọ ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì bí wọ́n ṣe ń ṣe láti kékeré, wọ́n gbé gbogbo ara lé e. Gbì! Mo sáré wọlé, mo bá wọn nílẹ̀, omi àlùwàlá ti dà sí wọn lára, ohun tí wọ́n ṣáà ń sọ ni pé "ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀, mo mọ̀ ọ́n pé ó kan ilẹ̀." Mo wá rò ó pé ẹni tó ń parọ́ ò ní gbé ara lé irọ́ ẹ̀ débi tó máa fi ṣubú.

Kiné kan (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara aláìsàn) ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ló là á yé wa. Ó ní gbogbo ẹ̀yà ara ló ní àyè tiẹ̀ nínú ọpọlọ. Dókítà kan tó ń jẹ́ Wilder Penfield ní Montreal ní Kánádà ló ya máàpù ẹ̀ láyé àwọn 1930, ó máa ń fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni yẹn lajú sílẹ̀, á ní "ọwọ́ mi nìyẹn," á ní "ètè mi nìyẹn." Ọwọ́ àti ètè gba àyè rẹpẹtẹ, ẹ̀yìn lásán-làsàn ò gba tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá wá gé ẹsẹ̀ ńkọ́? Wọn ò gé máàpù. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tí wọ́n gé náà ò sì dákẹ́, wọ́n ṣì ń ránṣẹ́ ìránkúràn lọ sókè.

Èmi alára wá tú u wò lórí pọ́tábù (fóònù) mi. Tẹ́lẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé tí ọwọ́ bá lọ, àwọn tó múlé tì í nínú ọpọlọ á gba àyè ẹ̀, bí aládùúgbò ṣe máa ń ti ààlà sínú ilẹ̀ ẹni tí kò sí nílé (ará Kétu, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ). Àmọ́ lọ́dún 2025, àwọn onímọ̀ ọpọlọ kan, Hunter Schone àti Tamar Makin pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde: èèyàn 3 tí wọ́n fẹ́ gé apá wọn, wọ́n ti fi ẹ̀rọ MRI wo ọpọlọ wọn kí wọ́n tó gé e, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn tí wọ́n gé e, wọ́n ní kí wọ́n máa mi ìka tí kò sí mọ́. Máàpù ọwọ́ yẹn ò yí padà, ti ẹnì kan nínú wọn tiẹ̀ di ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n gé e. Apá ni tiwọn, ẹsẹ̀ ni tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á tán mo lọ bẹ Fòfó.

Ẹ dijú báyìí kẹ́ ẹ fi ìka kan imú yín. Ẹ kàn án, àbí? Ta ló sọ ibi tí ọwọ́ yín wà fún yín? Nǹkan kan wà nínú àwọn iṣan ìmọ̀lára tó ń mọ̀ bí ẹran ara bá nà, PIEZO2 ni wọ́n ń pè é, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ardem Patapoutian, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá a rí, òun àti David Julius ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel 2021. Ẹni tí wọ́n bí láìsí i, tó bá dijú, kò ní mọ ibi tí apá ẹ̀ wà. Ti Fòfó wá jẹ́ òdì kejì, ẹsẹ̀ ti lọ, ìmọ̀lára ẹ̀ ò lọ.

Oògùn tí dókítà kọ, wọn ò fi sílẹ̀. Ohun tí kiné fi kún un ni jígí, onímọ̀ ọpọlọ kan, V. S. Ramachandran, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Kalifóníà láyé àwọn 1990. Onídìrí ni mí, jígí ò wọ́n mi, mo yọ ńlá inú àtéliẹ́ (ṣọ́ọ̀bù) mi. Nígbà tí egbò jinná, a gbé e sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú jígí kọ sí ọ̀tún, wọ́n ń wo inú ẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ òsì ló wà níbẹ̀, wọ́n rọra ń na ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n ń ká a. Ọjọ́ àkọ́kọ́ òòyì kọ́ wọn, wọ́n ní ká gbé e kúrò. Ọjọ́ kẹfà wọ́n pariwo: "Ó ti ṣí!" Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ ni. Kiné ti sọ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń ṣe fún o, kẹ́ ẹ má lọ wá bú mi. Ẹ sì gbé ọ̀pá ìrìn ẹ̀ sí ibi tí ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà tó bá jí, ìyẹn ṣe pàtàkì ju jígí lọ.

Wọ́n ti ń sùn mọ́jú láwọn ọjọ́ míì, àwọn ọjọ́ míì rèé kò sóorun. Lánàá wọ́n fi ọ̀pá dé àtéliẹ́, oníbàárà kan wà lábẹ́ ọwọ́ mi, mo ti dì í dé ìdajì. "Àbúrò, ìka kékeré yẹn ti dé." Mo bẹ oníbàárà kó sún díẹ̀, mo tẹ jígí sílẹ̀, Fòfó ń wo inú ẹ̀, mo wá fi ìlàrí họ ìka kékeré ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn. "Wá sókè díẹ̀," ni wọ́n wí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ibẹ̀ gan-an."