Línì Àárín Yẹn Kọ́ Ni Ìjì O

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka meteorology (ẹ̀kọ́ nípa ojú ọjọ́), mo rí ìbéèrè yín, pàápàá ẹni tó ní kí ló kan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde nínú hurricane, ìjì ńlá orí òkun, tó ń jà ní Florida ní Amẹ́ríkà. Ó kàn wá o. Àwọn ìgbì afẹ́fẹ́ kan wà tó máa ń gbéra lápá òkè Ethiopia àti Darfur nígbà òjò, wọ́n á máa gba Áfíríkà kọjá lọ síwọ̀ oòrùn, bí ọ̀kan bá lọ, tó bá di ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún òmíì á tẹ̀lé e, nǹkan bíi 60 lọ́dún kan. Òjò tó máa ń fi atẹ́gùn ṣáájú, tó ń jẹ́ kí màmá mi sáré lọ ká aṣọ lórí okùn, ará ilé kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Tí ìgbì yẹn bá já sókun ní Senegal, tó bá omi tó gbóná tó 26.5°C níwájú, tí atẹ́gùn òkè ò fà á ya, tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ eléruku Sahara ò fún un lọ́rùn, ó lè di ìjì. Púpọ̀ nínú wọn ni kì í dì í. Àmọ́ àwọn hurricane ńlá Atlantic, category 3 lọ sókè (1 sí 5 ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ wọn), nǹkan bíi 85 nínú 100 ló ti ibẹ̀ jáde. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé August tí òjò tiwa ń sinmi nílé níbí, ìgbà yẹn gan-an ni tiwọn ń gbaná jẹ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi.

Ọdún 2022, mo wà ní IT (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu iṣẹ́), mo ti mọ máàpù kà díẹ̀, wọ́n ti ń pè mí ní "Wẹ́dà" lórí WhatsApp ẹbí, orí mi sì ti wú. Hurricane Ian ń bọ̀ ní Florida. Àǹtí mi, àbúrò màmá mi, ń gbé ní Tampa, wọ́n pè mí pé "Wẹ́dà, kí la fẹ́ ṣe báyìí?" Mo ṣí máàpù àwọn National Hurricane Center tó wà ní Miami, mo rí cone funfun yẹn, àwòrán tó ń fẹ̀ lọ síwájú láti fi ibi tí àárín ìjì lè gbà hàn, mo rí línì tó gba àárín ẹ̀ kọjá tó kọjú sí apá Tampa, mo ní Àǹtí ẹ sá o, ṣebí ẹ lọ́rẹ̀ẹ́ ní Fort Myers, ẹ lọ bá wọn níbẹ̀. Fort Myers náà wà nínú cone o, etí ẹ̀ ló wà, mo rí i, mi ò kà á sí.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, Ian gúnlẹ̀ sí Cayo Costa, ẹ̀gbẹ́ Fort Myers níbẹ̀, category 4, afẹ́fẹ́ ẹ̀ tó 240 kìlómítà ní wákàtí kan. Òkun wọ ìlú. Ní Tampa tí mo lé wọn kúrò ńkọ́? Ṣe ni afẹ́fẹ́ fa omi bay (apá òkun tó wọ inú ilẹ̀ níbẹ̀) jáde, táwọn èèyàn ń rìn lórí ilẹ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ omi. Fóònù Àǹtí ò lọ fún ọjọ́ méjì gbáko. Màmá mi ò bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń gbé oúnjẹ síwájú mi ni, ẹ mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ilé ọ̀rẹ́ wọn jìnnà sí etíkun, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló tún jẹ́, ìyẹn ló kó wọn yọ, mọ́tò nìkan lomi bà jẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ jókòó ka nǹkan tí cone yẹn túmọ̀ sí. Àṣìṣe tí wọ́n ti ṣe nínú àsọtẹ́lẹ̀ wọn láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni wọ́n fi ń yà á, nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àárín ìjì á dúró sínú ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan tó kù á yọ síta. Bí ìjì bá sì wà nínú ẹ̀, etí lè gbà á bí àárín ṣe lè gbà á. Tàwọn Florida tún wá le jù, torí pé Ian ń bá etíkun rìn ni, bí ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ tọ ògiri nínú òkùnkùn: ó kàn yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ibi tó ti máa kọ lu ògiri á ti yàtọ̀ pátápátá. Èyí tó dùn mí jù ni pé Hurricane Charley ti ṣe irú ẹ̀ gan-an ní 2004, gbogbo ojú wà ní Tampa, Punta Gorda ló lọ já sí. Ká ní mo ti ka ìtàn ni.

Cone ò tún sọ bí ìjì ṣe fẹ̀ tó. Hurricane Helene ní 2024, apá òkè Florida lọ́hùn-ún ní Big Bend ló gúnlẹ̀ sí, inú òkun ló gbà kọjá, ó jìnnà sí Tampa dáadáa, síbẹ̀ omi wọlé àwọn tó ń gbé létí bay níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi máàpù sílẹ̀ ná kẹ́ ẹ lọ ka discussion, àlàyé tí National Hurricane Center máa ń kọ nípa ìjì. Aago mẹ́rin àti mẹ́wàá, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ni tuntun máa ń jáde ní aago tiwa (aago àgbáyé UTC ni wọ́n fi ṣètò ẹ̀ o, ẹ fi wákàtí kan lé e, mo ti ṣi ìyẹn náà rí). Ibẹ̀ ni forecaster ti máa ń bá ara ẹ̀ jiyàn, á ní GFS, model kọ̀ǹpútà àwọn ará Amẹ́ríkà, sọ báyìí, ti European sọ báyẹn, ọkàn òun ò balẹ̀ sí èyí. Text lásán ni, kì í jẹ dátà, ọmọ Ìjẹ̀bú lẹ jẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Agbára ìjì ṣòroó mọ̀ ju ọ̀nà tó máa gbà lọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi línì tó rí rẹ́gí tàn yín. Hurricane Otis ní oṣù kẹwàá 2023, àwọn model sùn lọ fọnfọn, láàárín bí ọjọ́ kan ó kúrò ní tropical storm (ìjì tí kò tíì di hurricane) ó di category 5, ó sì já lu Acapulco ní Mexico. Bàálù tó wọ inú ẹ̀ lọ wọ̀n ọ́n ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan ti yí.

Lẹ́yìn Helene, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì, Hurricane Milton dé, Àǹtí tún pè. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí ṣé Fort Myers ni káwọn tún máa lọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mi ò dárúkọ ìlú kankan lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní Àǹtí, lẹ́tà wo ni zone yín, ìpín tí ìjọba fi ń sọ àwọn tó máa kúrò nílé? Ṣé wọ́n ti ní kí zone yẹn kúrò? Ilé yín ga tó ìwọ̀n wo sómi? Wọ́n ní wọ́n ti ní káwọn kúrò. Mo ní ó parí, ẹ kọjú sáàárín ilẹ̀, ẹ má bá etíkun rìn. Wọ́n wakọ̀ lọ sí Ocala, wọ́n gba hotel ọjọ́ mẹ́ta.

Milton gúnlẹ̀ sí Siesta Key, ìsàlẹ̀ Tampa, afẹ́fẹ́ tún fa omi bay jáde. Àǹtí délé, wọn ò níná, àmọ́ ilé gbẹ, kápẹ́ẹ̀tì ò tiẹ̀ rin. Wọ́n pè mí lórí fídíò, wọ́n fi pálọ̀ hàn mí láti igun dé igun, wọ́n ní, "Wẹ́dà, owó hotel mi ńkọ́?"

Mi ò tíì san án.