Yíyí Ọ̀sà Èkó po lórí kẹ̀kẹ́ ológeere: ibi tí iṣẹ́ dé

Mo fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ yí Ọ̀sà Èkó po. Kí n kúrò ní Bàrígà, kí n gba Erékùṣù Èkó bọ́ sí Lẹ́kkí, kí n máa bá apá òkun lọ títí dé Ẹ̀pẹ́, kí n sùn síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kí n gba ẹ̀yìn ọ̀sà padà: Ìtòíkín, Ìkòròdú, Ojótà, ilé. Ọ̀sà náà gùn ju 50 kìlómítà lọ, ó sì fẹ̀ tó 13 níbi tó ti fẹ̀ jù. Títì kì í sì í bá omi rìn tààrà, nítorí náà gbogbo ìrìn náà á lé ní 150.

Ẹni tó bá gbọ́ á ní, "Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú, kí ló le ńbẹ̀?" Ìdajì ló tẹ́jú. Òdìkejì omi ni òkè wà, òkè yẹn ni mo sì torí ẹ̀ ná èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí mo ná.

Kẹ̀kẹ́ náà

Tòkunbọ̀ ni, irin sì ni egungun rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan irin ni. Álúmíníọ́mù fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ bó bá là sí méjì lẹ́bàá Ejìnrìn, ta ni yóò bá mi jó o? Wẹ́dà onírin wà káàkiri ọ̀nà yẹn.

Jíà ló gbówó jù. Bí mo ṣe rà á, eyín 28 ni jíà tó kéré jù níwájú, 28 náà ni èyí tó tóbi jù lẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn náà á yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò rẹrù lè fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó rẹrù tó fẹ́ gun òkè Ẹ̀pẹ́ lọ́sàn-án gangan, orúnkún ẹ̀ ni yóò gba ìyà náà. Mo pààrọ̀ ti iwájú sí 22, 32 àti 42, mo fi 14 sí 34 sẹ́yìn. Ní báyìí, bí mo bá wà lórí 22 níwájú àti 34 lẹ́yìn, tí ẹsẹ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, táyà kì í yí ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ. Kò yá rárá, àmọ́ mo lè jókòó gùn ún láì sọ̀ kalẹ̀ tì í. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, kó rí i pé apá kékeré tó ń ti ṣéènì láti jíà kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn gùn tó, kó sì ra ṣéènì tó gùn sí i. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí jíà ńlá iwájú bá pàdé jíà ńlá ẹ̀yìn, nǹkan á já.

Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣómólú ló bá mi na táyà ẹ̀yìn kó má wọ́ mọ́, torí ẹ̀yìn lẹrù máa wà. Wọ́n dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, wọ́n di ẹyọ ṣọ́ọ̀kì kan mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rímù, wọ́n ń yí táyà díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì bá ti kàn, ibẹ̀ ló ti wọ́, wọ́n á fún sípóòkù, àwọn irin tín-ínrín inú táyà, ti apá kejì. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹ̀. Èyí tí ohùn ẹ̀ bá wálẹ̀ ti dẹ̀ nìyẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fún un dáadáa, ẹrù ló fẹ́ gbé o."

"Ẹrù wo?"

"Àgọ́, aṣọ, omi. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ, sà."

Wọ́n wò mí títí. "Dáńfó ò sí mọ́ ni?" Wọ́n sì padà sídìí sípóòkù wọn.

Báàgì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bánà ìpolongo ìbò àtijọ́ ni ṣúmékà fi bá mi rán an. Kò sí omi tó lè gbà á kọjá. Ìdajì ẹ̀rín olóṣèlú kan ṣì wà lára ti apá òsì. Mo ní kó yí ojú yẹn sínú, ó ní bóun bá yí i, apá tó ń dán tó ń lé òjò ni yóò wọnú. Òótọ́ ló sọ. Olóṣèlú á bá mi délé Ẹ̀pẹ́.

Apá ibo ni ká kọ́kọ́ gbà?

Atẹ́gùn ló bá mi yan èyí. Láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn Èkó sábà máa ń fẹ́ wá, bó bá sì ti di ìyálẹ̀ta, ti òkun á tún gbé e lé e. Bí mo bá kọ́kọ́ gba Lẹ́kkí, níbi tí ilẹ̀ ti ṣí sílẹ̀, á máa tì mí lẹ́yìn. Bí mo bá ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sí Ìkòròdú, iwájú ló máa ti wá, àmọ́ igi wà níbẹ̀, òkun sì ti jìnnà. Oòrùn nìkan ni kò bá ètò yìí mu: àárọ̀ ọjọ́ kìíní lójú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì lójú. Fìlà tó ń ṣíji bojú ni mo rà sí ìyẹn.

Afárá Third Mainland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 12 kìlómítà, ẹ̀bá ilé wa gan-an ló sì gbà kọjá, àmọ́ n ò ní gbé kẹ̀kẹ́ dé ibi tí mọ́tò ti ń fò. Ìdó ni màá gbà, kí n gun Carter Bridge. Ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe afárá níbẹ̀, ti ìsinsìnyí jẹ́ àtúnkọ́. Yàtọ̀ sí afárá, n ò tíì rí ohun tí mo lè pè ní òkè láti ibẹ̀ títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí mo ti dán wò

Bàrígà sí Ajah: ìdájí ọjọ́ Àìkú, Ìdúmọ̀tà ò tíì jí, Marina, Oníkàn, Falomo, kò sí wàhálà. Ó ti mọ́ dáadáa kí n tó dé Ajah, dáńfó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìwà wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà yìí kó kúrò nílé kí àwọn aládùúrà òwúrọ̀ tó jáde.

Lẹ́yìn Ajah, tírélà ni ìṣòro, àti yanrìn tó máa ń kó jọ sétí títì. Táyà tín-ínrín ò dáa níbẹ̀, mo ti fi fífẹ̀ sí i. Ọ̀nà etíkun tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe láti Victoria Island lọ sí Calabar, nǹkan bí 700 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ ní 2024. Bó bá délẹ̀ tán, màá tún máàpù mi yà.

Òkè Ẹ̀pẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀ jù, ni mo bá di kẹ̀kẹ́ sórí bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ létí omi, ní ọjà ẹja, mo dojú kọ inú ìlú. Mo wọ 22, mo wọ 34, mo jókòó. Ọmọ kan fẹsẹ̀ rìn kọjá lára mi, ó tún bojú wẹ̀yìn kí mi kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo débẹ̀ láì sọ̀ kalẹ̀, láì mí gúlegúle.

Láti ibẹ̀ mo gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde dé Erédò, níbi tí odi àti yàrà tí wọ́n so mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ inú ìtàn Ìjẹ̀bú, wà. Ó lé ní 160 kìlómítà yípo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìrìn tèmi. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀: ilẹ̀ pupa dúró gbọn-in lápá ọ̀tún àti òsì, èéhù sì bò ó, ibẹ̀ tutù ju títì lọ gan-an. Ọkọ́ àti ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Èmi ń ṣàròyé eyín jíà.

Ìtòíkín sí Ìkòròdú ga díẹ̀, ó tún wálẹ̀, ó tún ga. Kò sí èyí tó le nínú wọn, àmọ́ wọn ò tán bọ̀rọ̀.

Ohun tó kù

Kẹ́ríà iwájú ṣì wà lọ́dọ̀ wẹ́dà. Mo fẹ́ lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìkòròdú, kí n bọ́ sílẹ̀ lérékùṣù, kí n bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Máìlì 12. Ọgbọ́n wà ńbẹ̀. Àmọ́ mo ní mo fẹ́ yí ọ̀sà po, n ò ní mo fẹ́ là á kọjá. Máìlì 12 ni màá gbà.