Ẹ Bá Wa Dúpẹ́, Oorun Ti Padà Sílé Ṣọ́jà

Ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga o. Nígbà tí àwọn ọkọ àti ọmọ wa ti Màìdúgùrí, Gwoza àti Baga bọ̀, a ti dúpẹ́ pé wọ́n bọ̀ láàyè. Tòní yàtọ̀. A wá dúpẹ́ pé wọ́n ti ń sùn lóru, pé ọmọ lè sáré kọjá ní pálọ̀ kí bàbá rẹ̀ má fò dìde.

Ogun yìí ti pẹ́. Láti 2009 ni Boko Haram ti gbé ìbọn. Iṣẹ́ ológun tí wọ́n ń pè ní Lafiya Dole ní 2015 di Hadin Kai ní 2021, ọ̀pọ̀ ṣọ́jà sì lò ju ọdún méjì lọ kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn. Ọpọlọ tó ti kọ́ níbẹ̀ pé ariwo kan ṣoṣo lè jẹ́ ikú kì í gbàgbé ẹ̀kọ́ náà nítorí pé ẹni náà ti wọ bọ́ọ̀sì dé Ìbàdàn. Báńgà Kérésì, táyà tó bẹ́, òórùn ẹran tó ń jóná níbi súyà: ara á ti dójú ogun kí làákàyè tó rántí ilé. Àwọn dókítà ń pè é ní PTSD, àìsàn ọkàn tó máa ń tẹ̀ lé ìpayà ńlá. Kì í ṣe àsàsí, kì í sì í ṣe ìwà ojo. Àwọn bàbá wa tó bá ECOMOG, ọmọ ogun àjọ ECOWAS, lọ Liberia ní 1990 ru irú ẹrù yìí bọ̀, àdúgbò sì ń pè wọ́n ní ọ̀mùtí. Ó ń dùn wá títí dòní.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa bí a ṣe ń dá a mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kò yani lẹ́nu kí ẹni tó ti irú ibẹ̀ bọ̀ máa ta gìrì. Tó bá kọjá oṣù kan tí àlá burúkú ò dáwọ́ dúró, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ibẹ̀, tó jẹ́ àga tó kọjú sí ilẹ̀kùn nìkan ló lè jókòó sí, tí inú rẹ̀ ń ru lórí ohun kékeré, ilé ìwòsàn yá. Èyí tó ń tú ilé jù ni pé ọkàn rẹ̀ á kú tì. Ọmọ á gbé ìwé tó fi gba ipò kìíní wá, bàbá á kàn máa wò ó. Ìyàwó á ní ó ti ní obìnrin mìíràn ní Borno. Àìsàn ni. Àwọn ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ rìn nínú ilé, ìyàwó ò ní lè sun oorun àsùnwọra mọ́, òun náà á sì nílò ìtọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti òru dáadáa, torí ibẹ̀ lèèyàn ti ń fara pa. Tó bá ń jà lójú oorun, má fọwọ́ kàn án, má sì bẹ̀rẹ̀ sórí rẹ̀. Ó lè fún ọ lọ́rùn kó tó mọ̀ pé ìwọ ni. Dúró lápá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, tan iná, pè é jẹ́jẹ́, sọ ibi tó wà fún un: "Bàbá Ṣadé, èmi ni o. Ìbàdàn la wà, ilé la wà." Tó bá ti lajú, kó fẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí, kó mí sínú títí tó máa fi ka 4, kó mí síta títí dé 6. Ìbọn àti àdá ò gbọdọ̀ wà ní yàrá. Tó bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ọtí ń tètè gbé oorun wá, àmọ́ tó bá dá lójú láàárín òru, àlá á le ju ti tẹ́lẹ̀. Valium, oògùn amárasùn tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì, máa ń di bárakú, kì í wo àìsàn yìí. Àdúrà la fi dé ibí, ṣùgbọ́n ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán kì í ṣe àdúrà.

Oògùn tí wọ́n sábà ń fún wọn ni sertraline: 25 mg lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà 50 mg, kí dókítà tó wò ó bóyá yóò fi kún un. Èébì lè máa gbé e níbẹ̀rẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó hàn pé ó ń ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kó dá a dúró lójijì. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ló le jù. Ìgbà 8 sí 15 ni, wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà á máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n á gbà á sílẹ̀, á sì máa gbọ́ ọ nílé lójoojúmọ́ títí agbára ìrántí náà á fi rọ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àlá lè pọ̀ sí i. Eéwo tí wọ́n ń fún ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń sá, a sì dúpẹ́ pé a dúró. Láti 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ẹbí bá aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta, kí wọ́n jọ máa gbé abúlé ìtòsí. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ọlọ́run, gba ọpẹ́ wa. Ẹ̀yin tí tiyín ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ rí dókítà: ìgbà tí àlá bẹ̀rẹ̀, wákàtí mélòó ló ń sùn, ohun tó ń mu, oògùn tó ti lò, àti bóyá bọ́ǹbù bú nítòsí orí rẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n máa bi yín nìyẹn.