Kóòtù òtútù kọ́ ló yẹ kí n kọ́kọ́ wá

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ń bi mí pé kí lẹ máa kà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wá ṣe másítà RF àti microwave, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ìgbì rédíò, nílùú ọba níbí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi kí n sinmi.

Nígbà tí mo wà nílé, físà, owó ilé-ìwé àti kóòtù òtútù nìkan ló ń dà mí láàmú. Ìdọ́gba Maxwell mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ṣàlàyé iná mànàmáná àti òòfà, bẹ́ ẹ jí mi lóru màá kọ ọ́, mo wá rò pé mo ti débẹ̀. Àṣé mi ò fọwọ́ kan VNA, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìgbì ṣe ń lọ àti bó ṣe ń padà, rí láyé mi, inú fọ́tò ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ní láàbù, wọ́n ní kí n wọn áńtẹ́nà kékeré kan tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ní 2.4 GHz, mo so ó mọ́ wáyà VNA, ìlà ojú ẹ̀rọ tó yẹ kó rì sísàlẹ̀ lójú kan ṣoṣo wá ń fò sókè sódò, mo yí èyí mo yí tọ̀hún, òógùn bò mí nínú òtútù yẹn. Bàbá tó ń tọ́jú láàbù wò mí, ó ní ṣé o ti ṣe calibration, ìyẹn títọ́ ẹ̀rọ sọ́nà kó tó wọn nǹkan? Mo dákẹ́. Ó bá ṣí àpótí kan bí èyí tí wọ́n ń kó òrùka ìgbéyàwó sí, ó kó short (èyí tó so ẹnu wáyà pọ̀), open (èyí tó ṣí i sílẹ̀) àti load (èyí tó ń gba agbára mọ́ra) jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń dè mọ́ ẹnu wáyà, níbi tí áńtẹ́nà gan-an máa jókòó sí, kí ẹ̀rọ lè yọ ipa wáyà kúrò nínú ohun tó ń wọ̀n. Ó ní nut nìkan ni kí n yí, kí n má yí ara connector, ìyẹn orí wáyà, bí spánà tó fún mi bá ti dún kọ́, ó tó.

Wáyà lásán ló ń fi mí ṣẹ̀sín o! Nídìí iná NEPA tá a mọ̀, wáyà ni wáyà ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ní 2.4 GHz, ìgbì kan ò ju sẹ̀ǹtímítà 12.5 lọ nínú afẹ́fẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ, wáyà tó gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì inú rẹ̀ tẹ́ ẹ ò so nǹkan kan mọ́ lẹ́nu á máa ṣe bíi short lójú ẹ̀rọ.

Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní Smith chart, àwòrán roboto tá a fi ń ṣírò bí ìgbì ṣe ń padà lórí wáyà, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Phillip Smith ló gbé e jáde ní 1939, ó rí játijàti bí ilé alántakùn; ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ mú pẹ́ńsùlù, ẹ fọwọ́ ṣe matching, ìyẹn mímú kí wáyà àti áńtẹ́nà bára mu kí agbára má bàa padà, títí ojú á fi là, kẹ́ ẹ tó ṣí software kankan. Ẹ mọ dB náà, ìwọ̀n tá a fi ń fi agbára wéra, bí ẹní mọ owó: return loss (bí agbára tó padà ṣe kéré sí èyí tá a rán lọ) 10 dB, ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára ló padà wá, 20 dB, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Tówó bá wà, ẹ ra NanoVNA, ìyẹn VNA kékeré, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, àwọn tó kọ́kọ́ jáde ò ju 900 MHz lọ.

Ti kóòtù, ẹ má tiẹ̀ rà á nílé. Èyí tí mo rà ní Yábàá ò gbé mi kọjá oṣù kẹwàá.